Omi Wà ní Ìdí Rẹ̀, Síbẹ̀ Ó Rọ

Wọ́n ní kí àwa ọmọ kíláàsì ìkẹyìn kọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ lórí ohun tí a kọ́ nínú ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì lọ́dún yìí. Nígbà tí a jókòó gbé e yẹ̀wò, a rí i pé ẹ̀kọ́ kan wà tí kò lè kúrò lọ́kàn wa. Òun ni ẹ̀kọ́ nípa bí omi ṣe ń gba inú ewéko kọjá, láti inú ilẹ̀ títí dé inú afẹ́fẹ́. Ìdí tí a kò fi lè gbàgbé rẹ̀ ni pé kí a tó mọ̀ ọ́n, a ti fi àìmọ̀ ṣe àbòsí fún ọmọ ọlọ́mọ. A fẹ́ sọ bí ó ṣe ṣẹlẹ̀, kí ó lè jẹ́ àríkọ́gbọ́n fún ẹni tí ó bá kà á.

Ní ìgbà ọyẹ́ tí ó kọjá, Mùdíírù wa fún kíláàsì wa ní ilẹ̀ kékeré kan lẹ́yìn mọ́sáláṣí pé kí a fi dá oko. A gbìmọ̀ pọ̀, a ní tòmátì ni a ó gbìn. A ṣe àdéhùn níwájú jámáà pé bí ààwẹ̀ bá dé, láti inú oko wa ni tòmátì tí wọn yóò fi se ọbẹ̀ ìṣínu yóò ti wá. Inú àwọn àgbà dùn, wọ́n sì ṣe àdúà fún wa.

Ìyá kan wà tí ó ń gbin ẹ̀fọ́ ní etí odò ní ìsàlẹ̀ àdúgbò wa. Ìyá yìí bùn wá ní 40 ọmọ tòmátì nínú èyí tí ó ti gbìn sílẹ̀, ó ní kí a wá hú u ní ìrọ̀lẹ́. Àwa kò dúró de ìrọ̀lẹ́. Ọjọ́ Sátidé ni, a sì ní bọ́ọ̀lù tí a fẹ́ lọ gbá ní ìrọ̀lẹ́ náà. Ní nǹkan bí agogo mọ́kànlá òwúrọ̀, nígbà tí ìyá ti lọ sí ọjà, a lọ sí etí odò, a fa àwọn tòmátì náà tu, a gbọn iyẹ̀pẹ̀ ìdí wọn dànù kí ẹrù wa lè fúyẹ́, a kó wọn sínú apẹ̀rẹ̀, a sì rù wọ́n gba inú oòrùn wálé. Lẹ́yìn ìrun Àìlà ni a gbìn wọ́n. A gbin 34 sí orí ebè tí ó wà ní gbangba. Mẹ́fà tí ó kù kò rí àyè, a bá gbìn wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ògiri mọ́sáláṣí, níbi tí òjìji máa ń bò láti ọ̀sán títí ilẹ̀ yóò fi ṣú.

Ọmọ kan ní Ìdáádì kejì ni a yàn pé kí ó máa bomi sí i, garawa méjì láàárọ̀, garawa méjì nírọ̀lẹ́, láti inú kànga tí a fi ń ṣe àlùwàlá. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ní ọjọ́ kejì, ewé àwọn tòmátì orí ebè ti dorí kodò. Ní ọjọ́ karùn-ún, gbogbo 34 ti gbẹ. Àwọn mẹ́fà ẹ̀gbẹ́ ògiri nìkan ni ó yè.

A pe ọmọ náà. A bi í léèrè, ó ní òun bomi sí i. A ní irọ́ ni. Ó fi Ọlọ́hun búra pé òun kò jẹ́ kí ọjọ́ kan yẹ̀. Ọ̀kan nínú wa ki ìka bọ ilẹ̀ ebè, ilẹ̀ náà tutù. Ó yẹ kí èyí jẹ́ ẹ̀rí fún ọmọ náà, ṣùgbọ́n ohun tí a sọ ni pé ó gbọ́ pé a ó pe òun ni ó fi sáré da omi sí i láàárọ̀ ọjọ́ náà. A tọ́ka sí àwọn mẹ́fà tí ó yè, a ní nítorí pé ẹ̀gbẹ́ ògiri súnmọ́ kànga ni, pé ìmẹ́lẹ́ ni kò jẹ́ kí ó rìn dé orí ebè. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe rojọ́ náà fún olùkọ́ tí ó ń bójú tó oko. Wọ́n ní kí ọmọ náà máa fọ ibi àlùwàlá, wọ́n sì yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú àwọn tí yóò ka kéwú ní ọjọ́ wòlímọ̀. Ìyá rẹ̀ ti ra aṣọ ọjọ́ náà sílẹ̀. Ọmọ náà kò sọ nǹkan kan. Ó mú ìgbálẹ̀, ó lọ. Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Àwa kì í ṣe àgbà, ṣùgbọ́n ìkà tí a ṣe lọ́jọ́ náà kì í ṣe kékeré.

Ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e ni ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́ wá wo oko wa. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fa ọ̀kan tu nínú àwọn tí ó ti gbẹ, ó wo gbòǹgbò rẹ̀. Kò tilẹ̀ bèèrè ọ̀rọ̀ omi. Ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, ìgbà wo lẹ hú u?" A dákẹ́. Ó ní, "Ẹ já díẹ̀ nínú ewé rẹ̀ kẹ́ ẹ tó gbìn ín? Ẹ fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣíji bò ó?" A ní, "Rárá, Ìyá." Ó mi orí, ó ní, "Àìbomi kọ́ ló pa á. Oòrùn ti fa omi ara rẹ̀ tán kó tó rí ẹnu fi mu òmíràn."

Ọ̀rọ̀ yìí kò yé wa. Báwo ni ewéko tí ìdí rẹ̀ tutù ṣe lè kú ikú òǹgbẹ? A gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá olùkọ́ wa nínú ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì. Wọn kò dá wa lóhùn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Wọ́n ní kí a mú náílọ́nù méjì tí ojú wọn mọ́ gaara àti okùn wá sí ìdí igi máńgòrò ilé-ẹ̀kọ́ wa ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì.

Nígbà tí a débẹ̀, wọ́n ní kí a fi náílọ́nù kan bo ẹ̀ka tí ó ní ewé bíi mẹ́wàá, kí a so ẹnu rẹ̀ pinpin. A fi èkejì bo ẹ̀ka gbígbẹ kan tí kò ní ewé. Nígbà tí a kírun Àìlà tán tí a padà débẹ̀, inú náílọ́nù àkọ́kọ́ ti ṣú bí ojú dígí tí ènìyàn mí èémí sí, omi sì ti ń kán jọ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Inú èkejì gbẹ. Kò sí ẹni tí ó bomi sí èyíkéyìí nínú wọn. Láti ara ewé ni omi náà ti jáde. Olùkọ́ wa ní bí ènìyàn ṣe ń làágùn ni ewé náà ń làágùn, àfi pé ti ewé kì í sábà hàn sí ojú, nítorí pé ó ti di oru kí ó tó bá afẹ́fẹ́ lọ. Èyí ni ìwé Báólọ́jì ń pè ní transpiration.

Lẹ́yìn èyí, wọ́n fẹ́ fi ọ̀nà tí omi náà ń gbà gòkè hàn wá. Wọ́n ní kí a wá omi aláwọ̀. A mú tàdáà tí a fi ń kọ wàláà wá, wọ́n ní rárá, pé tàdáà ní gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ nínú, ó lè dí ọ̀nà omi. Yíǹkì pupa ni wọ́n pò mọ́ omi nínú ife. Wọ́n fi abẹ gé ìdí igi gbúre kan, wọ́n sì fi sínú ife náà. Nítorí pé igi gbúre mọ́lẹ̀ díẹ̀ lára, a fi ojú ara wa rí i tí pupa náà ń gòkè ní díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí wọ́n gé igi náà sí méjì, a rí àmì pupa tótòtótò nínú rẹ̀. Wọ́n ní ibẹ̀ ni ọ̀nà omi wà, orúkọ rẹ̀ sì ni xylem.

Bí wọ́n ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún wa nìyí. Ìsàlẹ̀ ni ọ̀nà náà ti bẹ̀rẹ̀. Ní ara gbòǹgbò kéékèèké, ní ìtòsí ṣóńṣó rẹ̀, ni irun wẹ́wẹ́ kan wà tí ojú lásán fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè rí. Irun gbòǹgbò ni a ń pè wọ́n. Àwọn ni wọ́n ń wọ àárín iyẹ̀pẹ̀ lọ fa omi. Láti ibẹ̀ ni omi ti ń wọ inú xylem, èyí tí í ṣe sẹ́ẹ̀lì tí ó ti kú, tí inú rẹ̀ ti ṣófo, tí ọ̀kan jókòó lé orí èkejì bí páìpù omi. Páìpù yìí gba inú igi dé inú ẹ̀ka, ó gba inú ẹ̀ka dé inú iṣan ewé. Inú ewé ni omi ti ń di oru, tí ó sì ń gba àwọn ihò tíntìntín tí wọ́n ń pè ní stomata jáde. Nínú ọ̀pọ̀ ewéko, abẹ́ ewé ni ihò wọ̀nyí pọ̀ sí jù. Sẹ́ẹ̀lì méjì ni ó ń ṣọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn bí ìlẹ̀kùn aláwẹ́ méjì. Bí omi bá kún inú àwọn sẹ́ẹ̀lì náà, ìlẹ̀kùn a ṣí. Bí omi bá dín nínú wọn, ìlẹ̀kùn a pa dé. Ewé kò déédéé ṣí ìlẹ̀kùn yìí láti fi omi ṣòfò. Ibẹ̀ ni ó ń gbà mú kábọ́ọ̀nù dáyọ́sáìdì wọlé láti inú afẹ́fẹ́, òun ni ó sì ń lò pẹ̀lú omi àti ìmọ́lẹ̀ oòrùn láti fi ṣe oúnjẹ rẹ̀. Bí ìlẹ̀kùn bá sì ti ṣí kí kábọ́ọ̀nù lè wọlé, dandan ni kí omi jáde.

Ọ̀kan nínú wa béèrè pé, "Ùsítáàsì, ọkàn ni ó ń ti ẹ̀jẹ̀ ènìyàn kiri. Kí ni ó ń ti omi dé orí igi máńgòrò?" Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ yàtọ̀ sí títì, fífà ni. Wọ́n ní kí a rántí bí omi ṣe máa ń ká jọ roboto lórí ewé kókò. Omi fẹ́ràn láti di ara rẹ̀ mú. Nítorí náà, omi inú páìpù xylem dà bí okùn kan tí kò já láti gbòǹgbò dé ewé. Bí oòrùn bá ti sọ díẹ̀ di oru lókè, èyí tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ yóò bọ́ sí àyè rẹ̀, yóò sì fa ti ìsàlẹ̀ gòkè, bí ìgbà tí ènìyàn ń fa okùn garawa nínú kànga. Henry Dixon àti John Joly ní ìlú Dublin, ní ilẹ̀ Ireland, ni wọ́n gbé àlàyé yìí jáde ní ọdún 1894. Agbára fífà yìí pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí omi fi ń dé orí igi redwood kan ní California, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, tí gíga rẹ̀ ju mítà 115 lọ. Kò sí ẹ̀rọ kankan nínú rẹ̀, kò sì sí ariwo.

Ìdánwò kẹta ni ó dá wa lẹ́bi. Olùkọ́ wa gbin tòmátì kan náà sínú agolo mílíìkì méjì, wọ́n bomi sí méjèèjì ní ìwọ̀n kan náà, wọ́n sì fi náílọ́nù bo ojú iyẹ̀pẹ̀ wọn kí omi má baà ti ibẹ̀ lọ. Wọ́n yá òṣùwọ̀n kékeré kan lọ́wọ́ ẹni tí ó ń ṣe kéèkì, a sì wọn agolo méjèèjì. A gbé ọ̀kan sí oòrùn, a gbé èkejì sí abẹ́ òjìji ògiri mọ́sáláṣí. Nígbà tí a tún wọ̀n wọ́n ní ìrọ̀lẹ́, èyí tí ó wà nínú oòrùn ti fúyẹ́ gan-an ju ti abẹ́ òjìji lọ. Wọ́n ní ìdánwò yìí ti pẹ́ láyé, pé ọkùnrin kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ń jẹ́ Stephen Hales ti ń wọn ìkòkò òdòdó sunflower bẹ́ẹ̀ ní ọdún 1724. Ó fi òjé bo ojú ìkòkò náà, ó sì rí i pé ní ọ̀sán wákàtí 12, omi tí ó ń ti ara ewé lọ tó ìwọ̀n páùn kan àti ounce mẹ́rin. Ó tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní ọdún 1727.

Nígbà náà ni ọ̀rọ̀ ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́ wá yé wa dáadáa. Nígbà tí a fa àwọn tòmátì tu tí a sì gbọn iyẹ̀pẹ̀ ìdí wọn dànù, irun gbòǹgbò wọn ti já sínú ilẹ̀ etí odò. Ẹnu tí wọn ìbá fi mu omi ni a gé sọnù. Ewé wọn sì pé pérépéré lórí, ihò ara ewé ṣì ń tú omi jáde. Oòrùn ọ̀sán ń fà á, ọyẹ́ tí ó gbẹ hàráhàrá láti aṣálẹ̀ Sahara náà ń fà á, nítorí pé bí afẹ́fẹ́ bá ṣe gbẹ tó ni ó ṣe ń gba omi lára ewé tó. Ohun tí ń jáde ju ohun tí ń wọlé lọ. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ewé a rọ, ìlẹ̀kùn ara rẹ̀ a pa dé. Bí ọ̀dá náà bá wá le jù, afẹ́fẹ́ a wọ inú páìpù, okùn omi a já. Garawa omi tí ọmọ yẹn ń gbé lójoojúmọ́ ń dé ìdí òkú ewéko ni. Àwọn mẹ́fà ẹ̀gbẹ́ ògiri yè nítorí pé òjìji kò jẹ́ kí ewé wọn tú omi jù, wọ́n sì rí àyè hu irun gbòǹgbò mìíràn. Ẹ̀rí àìlẹ́bi ọmọ náà ti wà níwájú wa láti ọjọ́ àkọ́kọ́, ẹ̀rí yẹn gan-an ni a sì fi dá a lẹ́bi.

Ní ọjọ́ náà, a kò dúró kí ẹnikẹ́ni tó rán wa. A lọ bá Mùdíírù, a jẹ́wọ́ pé àwa ni a kò tẹ̀lé ọ̀rọ̀ ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́, àwa náà ni a sì purọ́ mọ́ ọmọ náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé a kò mọ̀ pé irọ́ ni. Lẹ́yìn ìrun Aláásárì, Mùdíírù pe ọmọ náà síwájú gbogbo akẹ́kọ̀ọ́, níbi tí ojú ti tì í tẹ́lẹ̀. A bẹ̀ ẹ́ pé kí ó fi orí jì wá. Ó ní, "Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, mo kúkú sọ fún yín pé mo bomi sí i." Ohun kan ṣoṣo tí ó sọ nìyẹn. Olùkọ́ wa wá bi wá pé láti ìgbà tí a ti gba garawa lọ́wọ́ rẹ̀, ta ni ó ń bomi sí àwọn mẹ́fà ẹ̀gbẹ́ ògiri? A wo ara wa lójú. Kò sí ẹni tí ó rántí nínú wa. Ọmọ náà ni. Bí ó bá ti fọ ibi àlùwàlá tán, á bu omi tí ó kù lọ síbẹ̀. Àwọn olùkọ́ dá orúkọ rẹ̀ padà, ó sì ka kéwú ní ọjọ́ wòlímọ̀ nínú aṣọ tí ìyá rẹ̀ rà.

Ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́ tún bùn wá ní ọmọ tòmátì mìíràn. Ní tòótọ́, ọ̀nà tí a gbà gbìn ín lẹ́ẹ̀kejì ni a fẹ́ kí ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin àbúrò wa mú lò. A bomi sí ibi tí wọ́n wà kí a tó hú wọn, kí iyẹ̀pẹ̀ lè rọ̀. A fi ọkọ́ wa ilẹ̀ ìdí wọn, a sì gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan tòun ti iyẹ̀pẹ̀ ìdí rẹ̀. Nígbà tí oòrùn rọlẹ̀ ni a gbìn wọ́n. A já díẹ̀ nínú ewé ìsàlẹ̀ wọn kí omi tí wọn yóò tú lè dín kù. A bomi sí wọn, a sì fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣíji bò wọ́n títí a fi rí i pé ewé tuntun ti ń yọ. Díẹ̀ ni ó kú nínú wọn. Nígbà tí ààwẹ̀ dé, tòmátì oko wa wọ inú ọbẹ̀ ìṣínu, àdéhùn wa kò sì yẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé omi tí ewé ń tú jáde yìí kò wúlò. Nínú ìwọ̀n omi 100 tí gbòǹgbò bá fà, ó ju 95 lọ tí ó ń padà sínú afẹ́fẹ́. Bí omi náà ṣe ń gòkè ni ó ń gbé èròjà inú ilẹ̀ dé gbogbo ara ewéko, bí ó sì ṣe ń jáde ni ó ń mú kí ewé tutù nínú oòrùn. Ìdí nìyí tí abẹ́ igi máńgòrò fi ń tutù ju abẹ́ páànù lọ. Oko àgbàdo éékà kan lè tú omi tí ó tó lítà 11,400 sí 15,100 sínú afẹ́fẹ́ ní ọjọ́ kan. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá omi tí ó wà nínú afẹ́fẹ́ ayé, ara ewéko ni ó ti ń wá, èyí tí ó ń di ìkùukùu tí ó sì ń padà wá bí òjò. Ẹni tí ó bá ń gé igi láìgbin òmíràn, kí ó rántí pé ó ń gé nínú òjò ọmọ rẹ̀.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, ojú ni a fi rí ewé tí ó rọ, ṣùgbọ́n ohun tí ó mú un rọ wà nínú ilẹ̀, níbi tí ojú kò dé. Ẹ jẹ́ kí a máa wádìí kí a tó sọ pé ẹnì kan ṣe tàbí kò ṣe. Kí Ọlọ́hun fi orí ẹ̀ṣẹ̀ wa jì wá, kí Ó fún wa ní ìmọ̀ tí yóò ṣe wá ní àǹfààní, kí Ó má sì jẹ́ kí a fi àìmọ̀ ṣe ìkà. Àmín.